Orí Ẹja Ìyá Preye

Ẹnu mi ló kó bá mi. Òfin ilé wa ní Málù Róòdù ò le: ẹni tó bá jẹ nínú ìkòkò ẹlòmíràn á fọ ilé ìyàgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ká ní mo gbà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí ì bá bi mí léèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n èmi Tàófíìkì, awakọ̀ tírélà, n kì í gba nǹkan láìjiyàn.

Nípàdé ilé lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Preye, ayálégbé bíi tèmi, gbé egungun orí ẹja tó sọnù nínú ìkòkò rẹ̀ sókè. Ẹnu ọ̀nà mi ló ti rí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: Hàbíbàt, ìyàwó mi, tí kò mọ̀ pé mi ò gbààwẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ kẹta oṣù ààwẹ̀. Dókítà ló ní ọgbẹ́ inú mi ò gbà á, ẹ̀sìn wa náà sì yọ̀ǹda aláìsàn. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Èmi ni mò ń kan ilẹ̀kùn gbogbo Mùsùlùmí ilé yìí fún sààrì, èmi náà ni mò ń pe ọkùnrin tó bá jẹun lọ́sàn-án ní ọ̀lẹ.

Mo ní, "Bọ̀dá Edwin, ọ̀sẹ̀ méjì ti pọ̀ jù. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́ ná."

Bọ̀dá Edwin ni alága ilé. Wharf Road ló ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ iṣẹ́ fadá kó tó pàdé ìyàwó rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn," ó ní. "Láyé àtijọ́, tí èèyàn bá wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìwé lásán ni àwọn fadá òyìnbó ń ṣí. Ẹ̀ṣẹ̀ báyìí, iye ọjọ́ báyìí lórí búrẹ́dì àti omi. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tébi sún jalè, ṣé ọ̀kan náà ni òun àti ẹni tó yó? Bíṣọ́ọ̀bù tó ṣẹ̀, ṣé ọ̀kan náà ni òun àti àgbẹ̀? Ni wọ́n bá ní kí fadá máa bèèrè kó tó dájọ́: ta ni? níbo? nígbà wo? kí ló dé? Nígbà tó ṣe, àwọn amòfin ìjọ sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ńlá. Ìdáhùn kan á dín ìyà kù, òmíràn á fi kún un."

"Á dín in kù" nìkan ni mo gbọ́. Mo ní kí wọ́n máa bi mí.

"Nígbà wo lo jẹ ẹja yẹn?"

"Lẹ́yìn ìṣínu."

"O ti ṣínu tán?"

Hàbíbàt ti dáhùn kí n tó la ẹnu. "Ìrẹsì abọ́ méjì ló jẹ, pẹ̀lú àkàrà."

"A jẹ́ pé ebi kọ́, ọ̀kánjúwà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Inú bí mi. Mo ní ẹni iyì ni mí nílé yìí, èmi ni mò ń jí wọn fún sààrì.

Bọ̀dá Edwin mi orí. "Ipò máa ń fi kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

"Abeg, wait first," Ìyá Preye ní. "Before four o'clock, my fish don already loss. Which kind ìṣínu be that?"

Gbogbo ilé yíjú sí mi.

"Irọ́ tún wọ̀ ọ́," Bọ̀dá Edwin ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àbí ebi ń pa ọ́ lóòótọ́? Tó bá jẹ́ ebi ni, sọ ọ́, màá sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ kan."

Ẹ wo wàhálà. Òótọ́ á yọ mí nílé ìyàgbẹ́, á sì tú àṣírí mi lójú Hàbíbàt. Mo ní, "Ebi ò pa mí. Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀."

Hàbíbàt dìde. "Ebi ń pa á. Ara rẹ̀ ò yá. Mo rí oògùn ọgbẹ́ inú nínú ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé mọ́ínmọ́ín pa mọ́ fún un sẹ́yìn àpò ìrẹsì. Ojoojúmọ́ ló ń tán, mo rò pé òun ló ń jẹ ẹ́. Mò ń dúró kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi."

Mi ò fojú kan mọ́ínmọ́ín kankan rí. Abájọ tí eku yàrá wa fi sanra. Ojú tì mí gidi.

"Àìsàn àti ebi," Bọ̀dá Edwin ní. "Ó dín kù. Ọ̀sẹ̀ kan." Ìyá Preye gbà, ó ní lọ́jọ́ míì kí n kan ilẹ̀kùn òun kí n tọrọ.

Mo ti ń dúpẹ́ nígbà tí mo rí i pé Hàbíbàt ò tíì jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "nínú ọ̀rọ̀ àwọn fadá yẹn, ẹni tó parọ́ fún àjèjì àti ẹni tó parọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ṣé ìyà kan náà ni?"

Bọ̀dá Edwin wọ awò rẹ̀ padà. Àánú mi ṣe é, mo rí i lójú rẹ̀. "Rárá o," ó ní. "Wọ́n máa ń bèèrè ẹni tí èèyàn ṣẹ̀. Ti ìyàwó ẹni ló ń fi kún un."

"Ẹ ṣé, sà." Ó yíjú sí mi. "Bàbá Zulfah, kí ló dé tí ẹ ò lè sọ fún mi?"

Mo ti fọ ilé ìyàgbẹ́ tán. Mọ́ínmọ́ín ṣì ń wà lẹ́yìn àpò ìrẹsì lójoojúmọ́, mo sì ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n Hàbíbàt ò bá mi sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ìbéèrè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Gbogbo ìdáhùn tí mo ní, tí mo bá wò ó dáadáa, ńṣe ló ń fi kún ìyà mi.