Ohùn Tí Ìwé Kò Tẹ̀

"Dúró níbẹ̀ ná," ni Bọ́dúndé wí, ó sì na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró. "Ohùn yẹn ti ga jù. Ọmọbìnrin tó dá nìkan dúró lẹ́nu ibodè ìlú iwin, tí jìnnìjìnnì bò, kò lè máa kígbe bí ẹni tó ń jí oníṣàárì."

Táwà pa ẹnu dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó ní ọ̀sán Sátidé náà, kò tíì ráyè kọ orin náà délẹ̀.

"Ẹni tó ń jí oníṣàárì ni bàbá mi nígbà èwe rẹ̀," ó fèsì. "Inú ẹgbẹ́ oníwéré ló ti mú ohùn náà wá."

"Mo mọ̀. Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn."

"Tìrẹ wá ńkọ́? Tìrẹ dà bí ìgbà tí wọ́n ń gba ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Bọ̀dá Mùtíù, tó ni ṣọ́ọ̀bù, rẹ́rìn-ín láìgbé ojú kúrò lára ìwé tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìdìwé rẹ̀ yìí, láàrin àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn mẹ́ta yìí àti Àǹtí Sabina, ti mọ ara wọn. Ìwé kan ṣoṣo ló kó wọn jọ, Ìlú Abẹ́ Ọ̀sà, ìtàn àtijọ́ nípa ọmọbìnrin kan tó wá àbúrò rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn iwin nísàlẹ̀ omi. Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn mẹ́ta ló gbé ẹ̀dà tiwọn, tó ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, wá fún Bọ̀dá Mùtíù láti tún dì, òun náà sì ti kà á tán kí ó tó dá a padà fún ẹni àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pàdé, tí wọ́n ń jiyàn bóyá iwin ní òjìji tàbí kò ní, àti bóyá ó tọ́ kí ọmọbìnrin náà jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un.

Ohun tí wọn kò jiyàn lé rí ni orin ẹnu ibodè. Gbogbo wọn gbà pé òun ló dùn jù nínú ìwé náà:

Ilẹ̀kùn omi, ṣí fún mi o,
— Omi ń lọ, omi ń bọ̀.
Ẹsẹ̀ mi tutù, ọkàn mi gbóná,
— Omi ń lọ, omi ń bọ̀.

Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń yin orin yìí láàrin ara wọn láìkọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fífi ìwé náà ṣe fíìmù dé ni wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe orin kan náà ni wọ́n ń yìn. Òǹkọ̀wé, tó ti dolóògbé, tẹ ọ̀rọ̀ nìkan. Òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ló wá ohùn tirẹ̀ fún un. Táwà gba tirẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀, tó máa ń ka ìwé náà fún un ní Fọlá Àgòrò bí iná bá ti lọ. Orin ìsìn ni Bọ́dúndé fi ṣe tirẹ̀. Àǹtí Sabina, akọ̀wé ilé ìwòsàn tó ti fẹ̀yìn tì, dàgbà sí àdúgbò Ìlàjẹ ní Bàrígà, láàrin àwọn apẹja. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ka orin náà sí i létí, ohùn tí wọ́n fi ń fa àwọ̀n ló fi gbé e lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bọ̀dá?" Táwà bi ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. "Ohùn wo ni tiyín?"

"Èmi? Mo máa ń fò ó ni."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ẹ máa ń fò ó?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa ṣílẹ̀kùn. Orin yẹn ń dá mi dúró."

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá," ni Bọ́dúndé wí. "Ẹ kò ní ìbò nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Táwà kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí àwọn alágbádá ti gbàjọba padà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì, Ọlọ́runṣògo, ti ń wá bí yóò ṣe fi ìwé náà ṣe fíìmù, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nítorí pé olùkọ́ orin ni Táwà, ó ní kó mú orin ibodè wá fún òun, pẹ̀lú ègbè láti ẹnu ènìyàn, kí ilẹ̀ ọjọ́ yìí tó ṣú. Bí kò bá rí i gbà, yóò lo èyí tí Khàlíl, oníkíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Fádèyí, ti ṣe sílẹ̀. Táwà ti gbọ́ ti Khàlíl. Ó dà bí ìpolówó ọṣẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ló ń lé e léré. Bàbá rẹ̀ ti kú. Kò sí ibòmíràn láyé tí ohùn náà wà bí kò ṣe ọ̀fun òun, ó sì fẹ́ kí ó wà níbi tí ikú òun náà kò ti ní lè pa á. Òun nìkan kò sì lè dá orin kó tún gbè é. Àfi kí àwọn wọ̀nyí gbà.

"Ìyẹn bí fíìmù náà kò bá ba ìwé jẹ́ pátápátá," ni Bọ́dúndé tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ ò rántí èyí tí a wò lọ́jọ́sí, tí iwin fi bàtà kánfáàsì sáré wọgbó?"

"Bàtà yẹn kò burú," ni Bọ̀dá Mùtíù wí. "Ẹ̀gún wà nínú igbó."

"Orin tibẹ̀ ló bí mi nínú ní tèmi," ni Àǹtí Sabina wí. "Iwin ń kọrin, gbogbo ìlú ń wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ibo ni wọ́n ti ń kọ orin àlọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í gbè é?"

"Àǹtí, ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn. Ẹ gbè é fún mi."

"Mo ti gbè é."

"Ohùn tiyín lẹ fi gbè é. Kò bá tèmi mu."

"Tìẹ ni kò bá tèmi mu, Táwà." Obìnrin náà sì tún kọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń sọ. Kí ó tó dé ìlà kejì, Bọ́dúndé ti ń sọ pé ó falẹ̀ jù, pé ilẹ̀ á mọ́ kí ibodè tó ṣí. Táwà ń wo fóònù rẹ̀, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ọlọ́runṣògo ni. "Ṣé ó ti délẹ̀?"

"A ń ṣe é lọ́wọ́, Ṣògo."

"Ẹ ń ṣe é, àbí ẹ ń jà á? Mo mọ ẹ̀yin ènìyàn yẹn. Khàlíl ti tan kíbọ́ọ̀dù o."

"Fún mi di ìrọ̀lẹ́. Jọ̀ọ́."

Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, Àǹtí Sabina ti ń wò ó.

"Ẹ jẹ́ ká kọ ti Táwà," ó wí. "Kí bàbá ọmọ yìí má kú lẹ́ẹ̀mejì."

Bọ́dúndé kùn, ó ní òun gbà nítorí àgbà ló sọ ọ́, kì í ṣe nítorí pé wọ́n borí òun níbi àríyànjiyàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Táwà kò gba gbẹ̀rẹ́, bí ìgbà tó wà níwájú kíláàsì rẹ̀ ló rí. Àtúnkọ lórí àtúnkọ. Àǹtí Sabina ni kì í tètè mú un. Bí ègbè bá ti kàn án, ìyá rẹ̀ ni yóò gba ẹnu rẹ̀ jáde.

"Àǹtí, ẹ tún ti lọ sí tiyín."

"Má bínú."

"Ẹ tún ti lọ."

Títí ó fi di pé kò lọ mọ́. Wọ́n tan rekọ́dà kékeré tí Táwà gbé wá, wọ́n sì kọ ọ́ já gaara. Bọ̀dá Mùtíù pàápàá gbè é. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ padà, Táwà ní kí wọ́n tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bọ́dúndé ní kò burú fún orin oníṣàárì.

"Kásẹ́ẹ̀tì ṣì kù," ni Bọ̀dá Mùtíù wí. "Àǹtí, ẹ kọ tiyín sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó ṣáà wà."

Àǹtí Sabina wú ikọ́, ó la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn bàbá Táwà ló jáde.

"Ẹ wò mí," ó wí, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún un ṣe. Bákan náà ni. Ó di ojú, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó sì ń fa àwọ̀n tí kò sí níbẹ̀ bọ̀ lára. Ọ̀rọ̀ orin ń jáde, ṣùgbọ́n wéré ló gbé gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ mu omi díẹ̀," ni Bọ́dúndé wí. "Ó ṣáà falẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa ń rọra wálẹ̀ báyìí..." Ó gbìyànjú, kò rí i mú. "Táwà, ìwọ olùkọ́ orin, báwo ló ṣe ń lọ?"

Táwà wá a nínú ara rẹ̀, kò rí i. Gbogbo ìgbà tí obìnrin yìí kọ ọ́, ibi tó ti yàtọ̀ sí tòun nìkan ni etí òun ń ṣọ́, kí òun lè rí i bá wí. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú wọn. Wọ́n kàn ń dúró de ìgbà tí yóò parí ni.

"Láti kékeré ni mo ti ń kọ ọ́," ni Àǹtí Sabina wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọ̀sán yìí nìkan la fi kọ tìẹ."

Táwà jókòó, ó sì rò ó. Bí orin òun bá lè ṣe èyí fún ẹni tó mọ ìwé náà lórí, kí ni yóò ṣe fún àwọn tí yóò máa gbọ́ ọ nínú fíìmù, lójoojúmọ́, kí wọ́n tó ṣí ìwé rí? Ìyá mìíràn wà níbìkan tí òun kò mọ̀, tó ti fi ohùn mìíràn gbé orin yìí. Ó mú fóònù.

"Ṣògo, lo ti Khàlíl."

"Kí ló dé? Ṣé kò délẹ̀ ni?"

"Ó délẹ̀. Ó dára."

"Ti Khàlíl kò dára. Ìwọ gan-an lo sọ pé ìpolówó ọṣẹ ni."

"Mo ṣì sọ ọ́. Orin tó dára á lé ti ẹlòmíràn jáde lórí rẹ̀. Ti Khàlíl, bí wọ́n bá ti pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ti gbàgbé rẹ̀."

"Orúkọ rẹ kò ní sí nínú fíìmù o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin òǹkàwé yìí, ẹ kì í jẹ́ kéèyàn sinmi," ó wí, ó sì pa fóònù.

Bọ́dúndé ti dìde. "Nítorí náà, gbogbo ọ̀sán wa lo fi ṣòfò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìrònú rẹ sì ní àléébù. Ìpolówó ọṣẹ gan-an ni àwọn ènìyàn kì í gbàgbé."

Táwà ronú sí i. Òótọ́ wà níbẹ̀, ó sì dùn ún. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn bàbá mi ni yóò ṣe é."

Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì kúrò, ó jù ú sínú àpò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ Àǹtí Sabina, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, tó ṣí sílẹ̀. Kò kọrin sí i létí, kò sì gbà á nímọ̀ràn.

"Àǹtí," ó wí, "bí ẹ bá ń fa àwọ̀n, ọwọ́ wo ló máa ń ṣíwájú?"