Òfin Tí Wọ́n Fi Orúkọ Àbúrò Mi Pè

Àbúrò mi ti kú, síbẹ̀ ó ṣì ń ka òfin sí mi létí. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní wèrè, ẹnu ẹ̀ ni.

Ní ọ́fíìsì tí a ti ń ṣètò òfin ìjọba, ẹni méjì ló máa ń yẹ ìwé wò kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé. Ọ̀kan á kà á sókè, títí kan àmì ìdánudúró; èkejì á máa fojú bá a lọ. Èmi àti àbúrò mi la jọ ń ṣe é, òun ló ń kà. Ọjọ́ tí ọmọlẹ́yìn oníwàásù kan ju bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀bù tí àbúrò mi ti lọ ra bàtà fún ọmọ ẹ̀, àga ẹ̀ ṣófo, àmọ́ ohùn ẹ̀ ò kúrò níbẹ̀.

Oníwàásù yẹn ò mà sá lọ o! Ojoojúmọ́ ló ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pàṣẹ pé kí wọ́n pa ẹni tí ò bá gba tòun. Mo lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá. "Òfin wà, sà. Ẹni tó bá rọ ènìyàn pé kó pànìyàn, ẹ̀wọ̀n ni. Àbúrò mi ló kà á, ojú mi ló bá a lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ti àtijọ́ nìyẹn. Tuntun ń bọ̀. Ẹ ṣe sùúrù."

Sùúrù kẹ̀! Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ọmọ àbúrò mi, tó ń pè mí ní Màámi láti kékeré, ń dúró lẹ́nu géètì ilé ìjọsìn oníwàásù náà pẹ̀lú fọ́tò ìyá ẹ̀, ó ń pariwo, "Apànìyàn!" Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á pa òun náà.

Òfin tuntun dé ọ́fíìsì wa fún yíyẹ̀wò. Orúkọ àbúrò mi ni àwọn aṣòfin fi pè é. Ọ̀gá wa jókòó sórí àga àbúrò mi, ó ń kà, mo sì ń gbọ́ ohùn àbúrò mi lábẹ́ tiẹ̀, wọ́n jọ ń lọ. Nígbà tó kan "ẹnikẹ́ni tó bá pariwo ọ̀rọ̀ tó lè dá ìjà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn," ohùn àbúrò mi dákẹ́. Mo fi ìka lé ìlà náà.

"Ọ̀gá, èyí á mú ẹni tí ò ṣẹ̀."

"Kíkà ni wọ́n ní ká kà á. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Òfin náà ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó jáde tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo sáré débẹ̀ láìwé gèlè. Ohùn oníwàásù ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń pàṣẹ pípa bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ò tiẹ̀ lè wò mí lójú. Ó kàn nawọ́ sí ẹ̀yìn irin.

Ọmọ náà di irin mú. "Màámi, ṣé òfin tó ń jẹ́ orúkọ ìyá mi ni wọ́n fi mú mi?"

Mo fẹ́ parọ́ fún un. Ìlà náà ni mo kà fún un, títí kan àmì ìdánudúró.