Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Ní Kí Akọ̀wé Yọ

1.

…nígbà tí ìpàdé ẹgbẹ́ eré ilé ìwé fi máa parí, wọ́n ti gbé eré náà lé e lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́.

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ohun tí Tíṣà Lítíréṣọ̀ sọ fún un ò ju èyí lọ: "Eré àtijọ́ yìí ti gbó jù. Sọ ọ́ di ti ọ̀dọ́. Jẹ́ kó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí ìfẹ́ wà níbẹ̀."

Ẹ di gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn mú o. Tíṣà fúnra rẹ̀ máa sẹ́ ẹ.

2.

Eré àtijọ́ náà: ọmọbìnrin adájọ́ fẹ́ jáde nílùú, ọmọ aṣọ́bodè ò ṣílẹ̀kùn. Wọ́n bú ara wọn ní ìran mẹ́rin gbáko. Ní ìran karùn-ún, wọ́n ṣègbéyàwó.

Eré tuntun: ọmọbìnrin kan tó máa ń pẹ́ dé ilé ìwé. Ọmọkùnrin kan tó ń dúró lẹ́nu géètì, tó ń kọ orúkọ àwọn tó pẹ́.

Akọ̀wé ò ronú jìnnà. Òun gan-an ló máa ń pẹ́.

3.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé wọn ni Òpó. Ó ga, tó bá sì ti dúró síbì kan, ẹ ò lè yẹ̀ ẹ́ nídìí.

Akọ̀wé ò fẹ́ rí i sójú. Ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé, títí kan àwọn tí ò bi í.

4.

(Lẹ́nu géètì, láàárọ̀ ọjọ́ kan.)

ÒPÓ: O tún pẹ́.
AKỌ̀WÉ: Aago yín ló ń sáré.
ÒPÓ: Aago ilé ìwé ni.
AKỌ̀WÉ: Ìwọ àti aago yẹn, ibì kan náà ni wọ́n ti rà yín.
ÒPÓ: Báwo lo tún ṣe ń kọ orúkọ bàbá ẹ?
AKỌ̀WÉ: Ṣebí o kọ ọ́ lánàá!
ÒPÓ: Mo kàn fẹ́ kó o sọ ọ́ ni.

Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ló ṣe gbé e sínú eré.

5.

ÌKÉDE — ÀWỌN TÓ MÁA ṢERÉ

Ọmọ Géètì: ÒPÓ
Ọmọ Tó Pẹ́: OLÓHÙN
Ẹni tó máa dúró lẹ́yìn aṣọ, tó máa rán òṣèré létí ọ̀rọ̀: AKỌ̀WÉ

6.

Olóhùn, ọ̀rẹ́ Akọ̀wé láti kékeré, tó ń lé orin ní gbogbo àárọ̀, kò pẹ́ dé ilé ìwé rí láyé ẹ̀.

7.

Ẹ̀rọ méjì, àga kan, òórùn yíǹkì tó gbóná: ṣọ́ọ̀bù tí ìyá Akọ̀wé ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà eré náà nígbà tí ìwé há sẹ́nu ẹ̀rọ. Ìyá fà á yọ díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ́ ẹ, ó sì kà á.

ÌYÁ: "Tí mo bá pẹ́, torí kó o lè dá mi dúró ni." Tíṣà ló ní kó o kọ èyí?
AKỌ̀WÉ: Mọ́mì, eré ni.
ÌYÁ: Mo gbọ́. (Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ.) Èmi ṣáà rò pé bọ́ọ̀sì ló ń mú ẹ pẹ́.

8.

LÁTI Ọ́FÍÌSÌ IGBÁKEJÌ Ọ̀GÁ
SÍ TÍṢÀ LÍTÍRÉṢỌ̀

Mo ka eré náà. Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ àwọn òbí ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ yọ "ìfẹ́" kúrò níbi gbogbo tó wà, kẹ́ ẹ fi "ọ̀wọ̀" dípò rẹ̀. Kí àwọn òṣèré má fọwọ́ kan ara wọn. Kí géètì wà láàárín wọn títí eré fi máa parí.

9.

AKỌ̀WÉ: Sà, ẹ̀yin lẹ ní kí ìfẹ́ wà níbẹ̀.
TÍṢÀ: Èmi? Mo ní kó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni.
AKỌ̀WÉ: Sà, ta lọ̀wọ̀ ń mú kí àyà ẹ̀ máa lù kìkì?
TÍṢÀ: Ìwọ ṣáà yọ ọ́, ọmọ mi. Má kó bá mi.

10.

ỌMỌ GÉÈTÌ: Mo ██████ bọ̀wọ̀ fún ọ.
ỌMỌ TÓ PẸ́: Láti ìgbà wo?
ỌMỌ GÉÈTÌ: Láti ọjọ́ tó o kọ́kọ́ pẹ́. Mi ò lè jẹun mọ́. Ọ̀wọ̀ ti fẹ́ pa mí.

11.

Nígbà ìdánrawò, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Àfi Òpó.

ÒPÓ: Ta ló kọ ìkọkúkọ yìí?
AKỌ̀WÉ: Wọ́n ní kí n yọ ọ́.
ÒPÓ: O sì yọ ọ́?
AKỌ̀WÉ: Kí ni kí n wá ṣe?
ÒPÓ: Láràárọ̀ lò ń bá mi fa wàhálà lórí ìṣẹ́jú kan péré. Wọ́n wá ní kó o yọ odindi ọ̀rọ̀, o ní "Ó dáa, sà."
OLÓHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ojú ìwé wo lèyí wà?

12.

(Àtẹ̀jíṣẹ́, lórí fóònù.)

OLÓHÙN: O fẹ́ràn ẹ̀, àbí?
AKỌ̀WÉ: Ta ni?
OLÓHÙN: Má dá mi lágara o
AKỌ̀WÉ: Mo bọ̀wọ̀ fún un
OLÓHÙN: Sọ fún un, kí n ráyè ṣeré mi
AKỌ̀WÉ: Kò sóhun tí mo fẹ́ sọ

Ó ti kọ nǹkan mìíràn kó tó kọ ìyẹn. Ó pa á rẹ́. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

13.

Ọ̀sán ọjọ́ eré. Gbọ̀ngán kún. Akọ̀wé wà lẹ́yìn aṣọ, ìwé lọ́wọ́ ẹ̀.

Òpó dé ibi ọ̀rọ̀ náà. Ó dúró. Ó kẹ̀yìn sí Olóhùn, ó fi géètì sílẹ̀, ó rìn wá sí etí aṣọ.

"Mo ti gbàgbé."

Irọ́ ni. Òpó ò gbàgbé ọ̀rọ̀ rí. Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ara eré ni.

Láti ibi tí aṣọ ti là, Akọ̀wé rí Igbákejì Ọ̀gá níwájú, báàgì lórí itan. Ó rí ìyá tiẹ̀ lẹ́yìn wọn, tó na ọrùn. Ọ̀rọ̀ méjì wà lẹ́nu Akọ̀wé, èyí tí wọ́n yọ àti èyí tí wọ́n fi rọ́pò.

"Bọ̀wọ̀ fún."

"Mi ò gbọ́."

"Mo ní, bọ̀wọ̀ fún."

Òpó wò ó. Ó padà sídìí géètì, ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé.

14.

LÁTI Ọ́FÍÌSÌ IGBÁKEJÌ Ọ̀GÁ

Ẹ kú iṣẹ́. Ibi tí ọmọ yẹn ti díbọ́n pé òun gbàgbé ló dùn jù. Ẹ jẹ́ kó máa gbàgbé bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tún un ṣe.

15.

(Nídìí ẹ̀rọ omi, lẹ́yìn gbọ̀ngán. Òpó ń fọ pàúdà kúrò lójú.)

ÒPÓ: Ohun tó o fẹ́ kí n sọ nìyẹn?
AKỌ̀WÉ: Ohun tó wà nínú ìwé ni.
ÒPÓ: Mi ò bi ẹ́ nípa ìwé.
AKỌ̀WÉ: Ìwọ náà lẹ́nu. Kí ló dé tí o ò fi sọ ọ́ fúnra ẹ?
(Omi ń dà.)
ÒPÓ: Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kọ.
AKỌ̀WÉ: Ojo ni ẹ́.
ÒPÓ: Àwa méjèèjì.

Láti ojú ọ̀nà, ìyá ẹ̀ ń pè é pé ilẹ̀ ń lọ.

16.

Akọ̀wé ti ẹ̀rọ omi náà pa.

Òpó tún un ṣí. Ojú ẹ̀ ti mọ́ tipẹ́.