Àpótí Tó Kọ́kọ́ Wọlé

Bàbá Síìlì ni gbogbo ilé ìkẹ́rùsí ń pè é. Òun ló máa ń fi síìlì sẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ntéénà kí wọ́n tó gbé e lọ sí èbúté. Irin kékeré ni síìlì yìí, a kì í ṣí i, àfi ká gé e.

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù fún un. Ọmọ náà àti ìdílé rẹ̀ ti ṣíwájú lọ sókè òkun. Ó ní kí Bàbá fi ẹrù ilé àwọn ránṣẹ́, kí Bàbá náà sì tẹ̀ lé ẹrù wá.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló to ẹrù náà sínú kọ̀ntéénà. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ nílò, ẹnu ilẹ̀kùn ló máa ń wà: ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Àpótí tirẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé wọlé, ó fi í ti ògiri irin ní inú lọ́hùn-ún. Gbogbo aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti fọ́tò ìyàwó rẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹrù òun dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

"Ẹni tó ń lọ sókè òkun ló ń sá pamọ́ sẹ́yìn àga!" Awakọ̀ fọ́kílíìfù tó ń bá wọn gbé ẹrù ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá, ẹ má gbàgbé wa o."

"Gbé àga yẹn dáadáa," ni Bàbá wí. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìkòkò ìkẹyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ara le?"

"Ara le. Ẹrù yín ti wọlé tán."

"Ẹ ṣé. Bàbá, ẹ má bínú. Ilé tí a rí kéré. Ìyá ọkọ mi ti dé, òun ló wà nínú yàrá tó kù. Ẹ jẹ́ ká ṣì ní sùúrù ná."

"Kò burú."

"Ṣé inú ò bí yín?"

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Bá mi kí àwọn ọmọ."

Awakọ̀ tírélà tó fẹ́ gbé kọ̀ntéénà lọ ti ń fọn fèrè. Ẹni tó ń wa fọ́kílíìfù ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bàbá, àpótí yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká tú ẹrù, ká yọ ọ́."

Bàbá wo ẹrù náà láti ilẹ̀ dé òkè. Kí wọ́n tó kan àpótí, ọkọ̀ ojú omi á ti lọ.

"Fi sílẹ̀."

"Kí lẹ máa wá wọ̀?"

"Èyí tó wà lọ́rùn mi."

Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó fi síìlì sí i, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún kọ̀. Tírélà gbéra. Bàbá dúró títí eruku fi rọlẹ̀. Bí wọ́n bá kó gbogbo ẹrù tán lọ́hùn-ún, wọ́n á kan àpótí náà.

Nígbà tó délé, yàrá rẹ̀ ti ṣófo. Ìṣó tó fi fọ́tò ìyàwó rẹ̀ kọ́ tẹ́lẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi kọ́ ìṣó náà. Lẹ́yìn náà ó jókòó ní ara lásán, ó ń dúró kí ẹ̀wù náà gbẹ.