Ife Kékeré Lábẹ́ Afárá Rélùwéè

3.

…torí náà ni mo ṣe sọ fún Jìmí ọkọ mi pé a ò ní mu ún. A máa tọ́ ọ wò ni. Olúwa fúnra rẹ̀ tọ́ ọtí wò lórí àgbélébùú, kò sì mu ún. Ẹ wo ìwé Mátíù.

Jìmí ní kí n má pariwo nínú bọ́ọ̀sì.

1.

(Ó yẹ kí èyí ti ṣáájú. Ẹ má bínú.)

Àtẹ̀jíṣẹ́ Bethany, ọmọ wa, láàárọ̀ Sátidé:

     Mummy e ku birthday!! 50!! Mo ti book eyin ati Daddy. Winery meji, Peckham, then Catford. Ko si refund o. E lo enjoy

Bethany kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó ní Ọlọ́run mọ ohun tí òun ń sọ.

2.

ÌKÉDE
ÌJỌ ORÍSUN AYỌ̀, PECKHAM
(ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn àwọn tó ń ṣe táyà)

Lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, a ó fi òróró yan Sister Folúkẹ́ sípò díákónẹ́sì. Ẹni tí a bá yàn kò gbọdọ̀ mutí. Kò gbọdọ̀ jókòó ti àwọn tó ń mutí. Kò gbọdọ̀ pẹ́ dé.

Èmi ni Sister Folúkẹ́. Láti ìgbà tí Bethany ti wà ní primary ni mo ti ń retí ọjọ́ yìí. Èmi ni mo máa ń bu oje sínú àwọn ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ribẹ́nà ni. Mo máa ń fi omi là á.

4.

Lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì. Àgbá onírin gíga gíga. Ọ̀dọ́kùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń jẹ́ Asher ló ń mú wa káàkiri, àwa àti àwọn òyìnbó mìíràn.

ASHER (èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀): Ẹ óò gbóòórùn òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.
JÌMÍ: Òkúta?
ASHER: Àti gàárì ẹṣin, díẹ̀.
JÌMÍ: Folúkẹ́, wọ́n mà ní ẹṣin wà nínú ẹ̀.
FOLÚKẸ́: Ta ló ń fún èso àjàrà náà?
ASHER: Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́.
FOLÚKẸ́: Ẹsẹ̀ ta ni?
ASHER: Tèmi.
JÌMÍ: Jọ̀ọ́, níbo la ti máa tu ú dànù?

Asher fi garawa kan hàn wá. Ó ní àwọn tó mọ̀ nípa wáìnì jù lọ kì í gbé e mì.

Ògo ni fún Ọlọ́run. Àwọn aláìgbàgbọ́ ti la ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ dè wá.

5.

Asher gbé tíréè jáde. Àwọn ife kéékèèké ló wà lórí rẹ̀. Kékeré bíi tiwa ní ìjọ gan-an.

Ó ń pín in kiri. Òyìnbó kan fẹ́ mu tirẹ̀. Mo ní, “Ẹ dúró ná, sà. Kò tíì kárí.” Ó dúró. Gbogbo wọn dúró.

Nígbà tó kárí, mo dìde. Mo dijú. Àwọn náà dijú; bóyá wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní ká jọ mu ún ní ìrántí. Mo ní, “Àmín.” Wọ́n ní, “Àmín.”

Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀fun mi náà mọ iṣẹ́ rẹ̀.

     Garawa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

6.

Folúkẹ́ kò mutí. Ọ̀fun Folúkẹ́ ló mutí, nítorí ó ti mọ́ ọn lára.

6 (àtúnṣe).

Mo mu ún. Ó sì dára. Ó korò díẹ̀, ó wá ń gbóná bọ̀ láyà mi, bí ìgbà tí akọrin bá dé ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, tí gbogbo ìjọ dìde.

7.

Ní ìjọ wa, ẹni tó bá ń ṣọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ fi ayọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kí wọ́n lè gbàdúrà sí i. Jìmí ti ya mí ní fídíò. Bí a ṣe wọ bọ́ọ̀sì Catford, ó fi ránṣẹ́.

SISTER MOYỌ̀SỌ́RẸ: Haaa! Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lábẹ́ afárá!!!
ELDER MALACHI: Òyìnbó dijú! Ní Peckham yìí!
MUMMY PÁSÍTỌ̀: Díákónẹ́sì wa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ká tó yàn án.
BROTHER LÀTÍÌFÙ: Ṣé Ribẹ́nà tẹ́ ẹ gbé lọ tó, ma?
PÁSÍTỌ̀: Sister, lọ́la, ká tó ta òróró sí yín lórí, ẹ óò jẹ́rìí. Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́.

8.

JÌMÍ: Ìwọ kọ́ lo purọ́. Àwọn ló túmọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀.
FOLÚKẸ́: Daddy Bethany.
JÌMÍ: Ṣé wọ́n dijú àbí wọn ò dijú?
FOLÚKẸ́: Wọ́n dijú.
JÌMÍ: Ìjíhìnrere nìyẹn!
FOLÚKẸ́: Ṣé ẹ tu tiyín dànù?

(Bọ́ọ̀sì dúró ní Lewisham. Èrò bọ́ọ́lẹ̀. Èrò wọlé.)

JÌMÍ: Garawa yẹn jìnnà sí mi.

9.

Ní Catford, a tu gbogbo rẹ̀ dànù.

Jìmí ní, “Ó ṣe mí láàánú o.” N kò bi í pé kí ló ṣe é láàánú.

10.

Ọjọ́ Ìsinmi. Aṣọ funfun. Òróró wà lórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ife tí mo bu Ribẹ́nà sí láàárọ̀. Bethany ń ya fídíò. Jìmí ń wo bàtà rẹ̀.

Ní ìjókòó ẹ̀yìn: Asher. Mo ti sọ fún un pé kó wá bá wa jọ́sìn. Gbogbo ènìyàn la máa ń sọ ọ́ fún, wọn kì í wá. Ó wọ kóòtù. Ó gbé nǹkan gígùn kan tó rí bí ìgò lé itan, tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ wúrà wé, tí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́. Ó ń juwọ́ sí mi.

PÁSÍTỌ̀: Sister, ẹ sọ fún ìjọ. Kí ni Olúwa fi sínú ife yẹn?
ÌJỌ: Ẹ sọ ọ́, ma!

Wọ́n gbé gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi.

11.

Kò sí garawa níbí.