Kànga Ẹnì Kan

Jerker, tó wá wo ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, dojú bolẹ̀ ní yàrá abẹ́ ilé, ó fi etí lẹ páìpù dúdú tó gba inú àgbàlá wọlé, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí aláìsàn ń sọ lábẹ́ ahọ́n. Gunvor dúró tì í, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Jerker ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ti yọjú síta láti inú ihò ìbọ̀sẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "kànga yín ti ń dì."

"Kí ló ń dì?"

"Omi inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, nísàlẹ̀. Ooru tí ẹ̀rọ yìí ń fà jáde ti ju èyí tí àpáta ibẹ̀ lè dá padà lọ. Bí ẹ̀rọ bá wá fà á fà á tí kò rí, á tan iná mànàmáná tó wà nínú rẹ̀, á máa fi se omi bíi kẹ́tùlù. Ìdí rèé tí bíìlì yín fi ń gun òkè."

"Ìwọ tí mo kọ́ ní ìṣirò fún ọdún mẹ́ta gbáko, tí o kò mọ ẹ̀ẹ̀meje mẹ́jọ títí o fi kúrò lọ́wọ́ mi, ìwọ lo wá ń sọ fún mi pé ooru tán nínú ilẹ̀?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, Tíṣà," Jerker dáhùn láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

"Ó dé, àmọ́ ó pẹ́ lọ́nà."

Gunvor ń ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Òtútù ìta lọ́jọ́ náà jẹ́ ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún nísàlẹ̀ òdo, èéfín sì ń rú lójú odò Ljusnan níbi tí omi kò tíì dì tán. Bíìlì iná oṣù Kejìlá tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá ti jẹ ju ìdajì owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ylva, gbọ́ ọ láti Göteborg, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe òwe: ó ní kí ìyá òun ta ilé náà kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí ó sì gba yàrá méjì ní ìgboro. Gunvor kò jà. Ó kàn sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ kọ́kọ́ wò ó. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, a óò tún un ṣe. Bí kò bá bàjẹ́, tó sì jẹ́ pé bí yóò ṣe máa náni nìyẹn, a jẹ́ pé ilé ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Börje, ọkọ rẹ̀, ló ní kí wọ́n gbẹ́ kànga náà. Kó tó di ìgbà yẹn, igi ni wọ́n fi ń dáná láti mú ilé gbóná. Fún ọdún mọ́kàndínlógójì, Börje ni í jí ní aago márùn-ún láti koná sí ààrò abẹ́ ilé. Òun ni í gé igi nígbà òtútù, òun ni í là á, òun ni í tò ó jọ sára ògiri tí yóò gún régé bí ojú ìwé. Àfi lọ́jọ́ kan tó jókòó ti oúnjẹ àárọ̀, tó ní òun fẹ́ kí wọ́n lu àpáta kí wọ́n máa fa ooru inú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án kóróònà, owó ilẹ̀ wọn, ni yóò náni.

"Ọdún mélòó ni owó yẹn yóò fi padà sílé?" Gunvor bi í nígbà náà.

"Ọdún méjìlá, bí owó iná kò bá wọ́n ju báyìí lọ."

"O ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, Börje. Ta ló fẹ́ dúró gbà á?"

"Ilé ló máa gbà á," ni Börje wí, ó sì bu bọ́tà sórí búrẹ́dì rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán, ó ta ayùn ẹlẹ́ńjìnì rẹ̀, ó fi àáké ta ará ilé kejì lọ́rẹ, ó gbá ilé tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí mọ́ tónítóní. Gunvor bá a wí pé kò tíì yẹ kí èèyàn palẹ̀ mọ́ bí ẹni tó ń lọ. Börje rẹ́rìn-ín. Nígbà òtútù àkọ́kọ́, owó iná wọn kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí àwọn aládùúgbò ń san. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ó sọ fún un pé àrùn jẹjẹrẹ ni ó wà nínú òun. Ní oṣù Kẹta, ó kú.

Gunvor àti Jerker gòkè wá sí ilé ìdáná. Gunvor bu kọfí, ó gbé àkàrà òyìnbó síwájú Jerker, ó sì mú fáìlì aláwọ̀ ewé tí Börje kó gbogbo ìwé kànga sí. Jerker nu ọwọ́ kó tó ṣí i.

"Àádọ́fà mítà," ó ní. "Ẹ rí nǹkan. Ilé alájà méjì bí èyí, kò yẹ kó dín ní àádọ́sàn-án."

"Wọ́n rẹ́ wa jẹ nìyẹn."

"Rárá o. Ohun tí ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n gbẹ́. Oníbàárà ló ń kọ bí ilé rẹ̀ ṣe tó, àwọn tó ń gbẹ́ kànga á sì fi ìyẹn ṣe ìṣirò." Ó ṣí ojú ewé kejì. Ó kà á. Ó wá rọra pa fáìlì náà dé, ó na ọwọ́ sí àkàrà. "Àkàrà yìí dùn, Tíṣà."

"Ṣí i padà."

"Tíṣà…"

"Mo kọ́ ẹ ní ìwé kíkà náà. Kà á sókè."

Jerker tẹjú mọ́ ìwé náà. "Ibi tí a fẹ́ mú gbóná: ìsàlẹ̀ ilé nìkan. Iye àwọn tí yóò máa gbé inú ilé…" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹnì kan."

Jerker ní, "Ó lè jẹ́ pé ó ṣe àṣìṣe."

"Ọdún méjìdínlógójì ni Börje fi wọn gẹdú fún ilé-iṣẹ́ pákó. Kò sí onígbó kan tó bá a jiyàn lórí ìwọ̀n rẹ̀ rí." Gunvor fa ìwé náà sọ́dọ̀. Ọwọ́ Börje ni lóòótọ́, òǹkà rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ọ̀pá. Ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀: ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún.

Ó ń ka oṣù padà sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni Börje wọ ọkọ̀ lọ sí Hudiksvall, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà, ó ní òun ń lọ wo eyín.

"Eyín àtọwọ́dá ni gbogbo eyín rẹ̀," ni Gunvor wí. Jerker kò mọ ohun tó ń sọ, kò sì béèrè.

Oṣù Karùn-ún. Àwọn méjèèjì jọ ń gbin ọ̀dùnkún lẹ́yìn ilé nígbà náà. Börje ń gbẹ́ poro, òun ń jù ú sínú ilẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí bóyá ó jìn jù. Ọkùnrin náà ti mọ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi gbé e mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì, tó ń jẹun, tó ń sùn ti òun. Ẹnì kan ni ó ti ń ka ilé náà sí, nígbà tí òun ṣì ń gbé àwo méjì kalẹ̀. Ìbínú dé sí Gunvor lọ́fun, kò sì rí ibi tí yóò tu ú sí.

Ó wá rántí ìgbà òtútù kan ṣoṣo tí wọ́n jọ lò pẹ̀lú ẹ̀rọ náà. Börje a máa gòkè lọ dín irin ìgbóná ara ògiri tó ń mú yàrá móoru kù. Òun a gòkè lẹ́yìn rẹ̀, òun a tún un yí sókè. Láti ìgbà tí ó ti kú, òun kò jẹ́ kí àjà òkè tutù lọ́sàn-án tàbí lóru, pàápàá yàrá tí ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ó ń ṣe òun bíi pé bí yàrá náà bá tutù, a jẹ́ pé Börje ti kú tán.

"Kí ni a lè ṣe sí i?" ó bi Jerker.

"Wọ́n lè gbẹ́ ẹ jìn sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á kọ́kọ́ fa páìpù jáde. Kò ní dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin. Kí èrè kànga tó san ìyẹn, ẹ á ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún."

"Tàbí?"

Jerker ń yí ife kọfí lọ́wọ́. "Tàbí kí ẹ gbé ilé náà bí ọkọ yín ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ti àjà òkè pa. Ẹ fi ooru díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kí páìpù omi má baà bẹ́. Kànga á sinmi. Bó bá di ọdún méjì sí i, àpáta á ti gba ooru rẹ̀ padà, bíìlì á sì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Èló ni owó iṣẹ́ rẹ?"

"Mo ti mu kọfí."

"Má fi mí ṣe ẹni àánú, ọmọ yìí."

"Gbèsè ẹ̀ẹ̀meje mẹ́jọ ni mo ń san," ni Jerker wí, ó sì lọ wọ bàtà rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ wọ́ kọjá lórí òjò dídì tán, Gunvor gun àtẹ̀gùn. Ó yí irin ìgbóná yàrá Ylva sílẹ̀, ó yí ti yàrá àlejò. Ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kẹta kó tó wọlé. Irin ìwọngi Börje wà lórí tábìlì, ó là sílẹ̀ bí ẹnu. Súwẹ́tà rẹ̀ wà lẹ́yìn àga, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti já. Gunvor jókòó sórí àga náà.

"Ò bá ti sọ fún mi," ó ní. "À bá jọ máa ru ú."

Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó yí irin náà sílẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Fóònù dún nínú àpò rẹ̀. Ylva ni.

"Màmá, kí ni ó wí? Ṣé ẹ̀rọ ti bàjẹ́?"

"Ẹ̀rọ ń ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Èmi ni mo ń lò ó lódì. N kò ta ilé mọ́. Mo ti ti òkè."

"Ẹ ti yàrá Bàbá?" Ylva bi í. "Níbo la máa sùn bí a bá dé pẹ̀lú àwọn ọmọ?"

"Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ máa ń wá. Òkè máa ń móoru fúnra rẹ̀ nígbà yẹn. Bàbá rẹ ti ro ìyẹn náà."

"Báwo ni Bàbá ṣe ro ó?"

"Màá sọ fún ẹ bí o bá dé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù."

Gunvor fa ilẹ̀kùn náà dé. Atẹ́gùn tútù ti ń gba abẹ́ rẹ̀ yọ, ó ń kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún ṣí i, ó wọlé lọ mú súwẹ́tà ẹ̀yìn àga, ó ká a gbọọrọ bí ẹni ká ẹní, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó kúnlẹ̀, ó sì fi súwẹ́tà náà dí abẹ́ ilẹ̀kùn pinpin.