Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Fi Pamọ́ fún Matthew

Fọláṣadé kò fojú kan Matthew rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í jẹ ẹ̀wà, pé ajá rẹ̀ ti bu àna rẹ̀ jẹ, àti pé ẹ̀rù odò máa ń bà á bí ọmọdé. Orí rédíò ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìkíni Ìrọ̀lẹ́. Àwọn olùgbọ́ a máa fi káàdì ránṣẹ́ láti kí ara wọn, láti fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, láti sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Matthew, tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ìkìrun, ni olóòtú ètò náà fẹ́ràn jù. Ọ̀sẹ̀ tí káàdì rẹ̀ kò bá dé, àwọn mìíràn á kọ̀wé béèrè pé kí ló ṣe é.

Àwọn tó ń kọ káàdì láti Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ti kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́. Ilé fọ́tò Káyọ̀dé, alága wọn, ni wọ́n ti ń pàdé ní Ìkìrun. Fọláṣadé kò débẹ̀ rí. Òkukù ló ń gbé, ó ń yan gààrí. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Àbíjàn nígbà tí Ayọ̀mídé, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ṣì ń rákò. Ó kọ́kọ́ ń ránṣẹ́ sílé, nígbà tó yá wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bí Fọláṣadé bá jókòó ti agbada gààrí, rédíò á wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí olóòtú bá sì ti pe orúkọ Matthew, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ohun tó kọ. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń pè ní èèyàn òun. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ pé ó wà láyé.

Ayọ̀mídé ní àìsàn fọníkú-fọládìde. Nígbà ọyẹ́ ọdún 1994, ìrora ara ọmọ náà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, wọ́n ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Fọláṣadé wò, kò bá ti ọmọ mu. Àbúrò rẹ̀ kan wá láti Òkukù, tirẹ̀ náà kò bá a mu. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní àwọn kò gbọ́ ọ rí pé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ń wọ ara ẹlòmíràn.

Ló bá ra káàdì, ó kọ ọ́ sí ètò náà. Ó sọ orúkọ ọmọ, ó sọ wọ́ọ̀dù tí wọ́n wà, ó sì bẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú, olóòtú kà á pé ìyá kan láti Òkukù ń wá ẹni tó máa fún ọmọ òun ní ẹ̀jẹ̀, kí Ọlọ́run dá sí i. Ó gbé àwo orin sí i. Fọláṣadé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò wá. Nígbà tí ètò tún dé, ọ̀rọ̀ ajá Matthew ni wọ́n sọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mọ́tò gbá Matthew lójú ọ̀nà Inísà, níbi tó ti ń dán ọ̀kadà oníbàárà kan wò. Itan rẹ̀ ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì dà púpọ̀ lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí Ayọ̀mídé wà ni wọ́n gbé e wá. Olóòtú kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Àárín ìròyìn ló ti kéde pé Matthew ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì kan ti já ẹgbẹ́ náà sí iwájú ilé ìwòsàn, àwọn mìíràn sì ń gun ọ̀kadà bọ̀ lẹ́yìn.

Omi ni Fọláṣadé lọ pọn tó fi bá wọn lójú ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó gbọ́ tí ẹnì kan pe Káyọ̀dé. Ó tún gbọ́ tí wọ́n pe Tíṣà Yétúndé, olùkọ́ láti Inísà tí káàdì rẹ̀ máa ń kún fún ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì rẹ̀. Ó rí lára Fọláṣadé bíi pé àwọn ẹbí òun ti dé níkẹyìn. Ó gbé garawa omi sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi orúkọ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ọmọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń fa ẹ̀jẹ̀ náà bá a bẹ̀bẹ̀. Ó ní àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ti fún Matthew ní èyí tó nílò. Nínú àwọn tó kù, àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti ọmọdébìnrin náà mu, ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò sì lè dúró di ọ̀la.

Àwọn èèyàn náà wo ara wọn. Ẹnì kan ní òun gbọ́ káàdì yẹn lóòótọ́, àmọ́ òun rò pé oníjìbìtì ni. Ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé àìsàn burúkú pọ̀ nílẹ̀ báyìí, pé ta ló mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà gan-an. Káyọ̀dé kì í ṣe ọ̀dájú. Ó gbé Fọláṣadé dìde fúnra rẹ̀.

Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. A ò mọ̀ yín. Tí ẹ̀jẹ̀ bá tún dà lára Matthew ní ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa tiwa pamọ́ dè é.”

“Èmi mọ̀ yín,” ni Fọláṣadé wí. “Gbogbo yín ni mo mọ̀.” Ó yíjú sí Yétúndé. “Tíṣà, Kẹ́hìndé ti ń rìn, àbí? Ẹ ní Táyé ló kọ́kọ́ rìn.”

Yétúndé di ọwọ́ Fọláṣadé mú, ọwọ́ náà le bí èèpo igi nítorí iná gààrí. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Yétúndé wò, ó wà lára àwọn tó bá ti ọmọ náà mu. Òun náà ló kàn láti wọlé. Ó dùbúlẹ̀, nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó sì bi í pé orúkọ ta ni kí òun kọ sára àpò ẹ̀jẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Káyọ̀dé àti àwọn yòókù dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ó rò ó pé àwọn tó wà lẹ́yìn òun ṣì pọ̀, pé ẹnì kan lára wọn á ṣe é fún ọmọ náà.

Ó ní, “Matthew.”

Ẹni tó tẹ̀lé e wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n kọrin níbi bẹ́ẹ̀dì Matthew títí ó fi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì wọn padà sí Ìkìrun.

Ayọ̀mídé kú ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, kò sì tètè mọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni. Nígbà tó ń di ẹrù, obìnrin kan tó ń tọ́jú ọmọ tirẹ̀ ní wọ́ọ̀dù náà tan rédíò rẹ̀, olóòtú sì ń yin ẹgbẹ́ àwọn ará Ìkìrun, ó ní ìfẹ́ irú èyí kò wọ́pọ̀ mọ́ láyé. Obìnrin náà sáré fẹ́ pa á. Fọláṣadé ní kó fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ara Matthew ti ń yá.

Yétúndé padà wá sí ilé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀, ó gbé iyán wá fún Matthew. Lẹ́yìn náà ló lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ọmọ mìíràn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó tún sọ fún un pé Matthew kò nílò ẹ̀jẹ̀ mìíràn láti ọjọ́ yẹn, pé èyí tí wọ́n fi pamọ́ ṣì wà níbẹ̀. Kò bínú sọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá lọ.

Nígbà tí Yétúndé sọ ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé, Káyọ̀dé mi orí, ó ní ó ṣeni láàánú, àmọ́ báwo ni àwọn ṣe fẹ́ mọ̀. Wọ́n bọ́ sórí ètò bí wọn yóò ṣe pàdé Matthew tó bá délé.

Yétúndé dá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù. Ó béèrè ilé ìyá Ayọ̀mídé títí wọ́n fi mú un débẹ̀. Ó bá a nídìí agbada. Fọláṣadé fún un ní àpótí jókòó, ó bu omi fún un, ó béèrè àlàáfíà àwọn ìbejì, ó sì béèrè ti Matthew. Yétúndé ní ó ti ń fi ọ̀pá rìn.

“Ó dáa,” ni Fọláṣadé wí.

Yétúndé gbìyànjú láti sọ èyí tó bá wá. Ó ní, “Ìyá Ayọ̀mídé, orúkọ tí mo pè lọ́jọ́ yẹn…”

“Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Tíṣà. Mo gbọ́ ọ.”

Fọláṣadé ń yan gààrí lọ. Kò lé e. Yétúndé jókòó nínú èéfín náà títí ojú fi ń ta á. Nígbà tó dìde pé òun ń lọ, Fọláṣadé ní kó yára, pé bọ́ọ̀sì Inísà kì í pẹ́ kó tó tán lójú ọ̀nà.